Kẹ́ẹ tó fi kinetic energy nǹkan méjì wéra, ẹ sọ ibi tẹ́ẹ dúró sí

Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní fíísíìsì ní Bódìjà ló gbé ìbéèrè kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Sà, mo wọ rélùwéè láti Mọ́níyà lọ Èkó, mo gbé ike omi sórí tábìlì iwájú mi, ike yẹn ò mira rárá, ṣé ó ní kinetic energy àbí kò ní?" Kinetic energy ni agbára tí nǹkan ní torí pé ó ń rìn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti sọ fún un pé òdo ni torí ike ò kúrò lójú kan, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kò lè jẹ́ òdo láéláé torí bí rélùwéè ṣe ń sáré lòun náà ń sáré, wọ́n wá ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí láti Mọ́níyà títí dé Abẹ́òkúta. Mo sọ fún un pé àwọn méjèèjì ló gbà á. Ohun tí wọn ò kàn sọ síta ni ibi tí kálukú wọn dúró sí tó ti ń wo ike.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ kọ eléyìí torí ibí gan-an ni mo ti ń rí àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa tí wọ́n ń ṣìnà, kì í ṣe pé wọn ò mọ fọ́múlà o. Fọ́múlà ò le: ½ × m × v². m ni iye kílò nǹkan náà, v ni eré tó ń sá. Inú v yẹn ni gbogbo wàhálà wà, torí kò sí eré tó dá dúró fúnra ẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé Dùgbẹ̀ jìnnà, ẹ máa bi í pé ó jìnnà síbo, torí ẹni tó ń gbé Mókọ́lá ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé Mọ́níyà ló máa sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kinetic energy rí. Látìsinsìnyí lọ, agbára ìrìn ni màá máa pè é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dárúkọ ibi ìdúró

Kẹ́ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan, ẹ kọ ọ́ sókè ìwé yín pé "nǹkan báyìí ni mo mú bí ohun tó dúró." Ó lè jẹ́ ilẹ̀, ó lè jẹ́ rélùwéè, ó lè jẹ́ mọ́tò kan tó ń sá lọ lójú títì. Ìwé ń pè é ní reference frame, ibi ìdúró lèmi máa ń pè é fáwọn ọmọ, ó sì máa ń tètè yé wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ike omi yẹn. Ká ní ìdajì kílò ni, ká sì ní rélùwéè ń sá kílómítà 72 ní wákàtí kan, lójú ọ̀nà tó tọ́, eré ẹ̀ ò lọ sókè kò wálẹ̀. Mítà 20 ní sẹ́kọ́ńdì kan nìyẹn. Tẹ́ẹ bá mú rélùwéè bí ohun tó dúró, eré ike jẹ́ òdo, agbára ìrìn ẹ̀ náà jẹ́ òdo. Tẹ́ẹ bá mú ilẹ̀ bí ohun tó dúró, bíi kẹ́ẹ wà pẹ̀lú ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè, ½ × 0.5 × 20 × 20 máa fún yín ní 100 júùlù (júùlù la fi ń wọn agbára, bí a ṣe ń fi kílò wọn ẹrù). Òótọ́ ni méjèèjì. Agbára ìrìn ò sí nínú ike bí omi ṣe wà nínú ẹ̀, àárín ike àti ẹni tó ń wò ó ló wà.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ilẹ̀ ni ibi ìdúró gidi, pé ìdáhùn ilẹ̀ ni òótọ́, ìyókù kàn ń ṣe bí ẹni rí i ni. Ẹ wo ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ná. Ayé ń yí, ibi tí Ìbàdàn wà lára ẹ̀ ń lọ sí ìlà oòrùn ní nǹkan bíi mítà 460 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ayé kan náà tún ń yí oòrùn ká ní nǹkan bíi kílómítà 30 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹni tó wọn 60 kílò tó jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ igi ní Agodi, òdo ni agbára ìrìn ẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti àárín gbùngbùn ayé tí kò bá ayé yí máa rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.3 júùlù. Ẹni tó bá fi oòrùn ṣe ibi ìdúró máa rí nǹkan bíi bílíọ̀nù 27. Ẹni yẹn ò tíì dìde níbi tó jókòó sí o.

Láti 1632 ni Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá wà ní yàrá abẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ geere, tí kò rí ìta, kò sí nǹkan tó lè ṣe nínú yàrá yẹn tó máa fi mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń lọ tàbí ó dúró. Omi tó ń kán látòkè ṣì máa kán sínú ìgò tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gẹ́lẹ́, labalábá á máa fò káàkiri bákan náà. Ẹni tó ti sùn nínú rélùwéè tí kò mọ̀ pé ó ti gbéra mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún eré yín ṣe

Èyí ò gùn. Ẹ fi 3.6 pín kílómítà wákàtí kó lè di mítà sẹ́kọ́ńdì, ẹ mú apá kan bí iwájú kẹ́ẹ fi àmì ròpọ̀ sí i, kẹ́ẹ fi àmì yọkúrò sí apá kejì, kẹ́ẹ wá yọ eré ibi ìdúró yín kúrò nínú eré gbogbo nǹkan. Mọ́tò tó ń bọ̀ wá pàdé yín ní 10, tẹ́yin náà ń sá 10, eré ẹ̀ láti inú mọ́tò yín jẹ́ −20. Kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé àmì, ibẹ̀ ni máàkì ti ń jò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi ìdúró kan ṣoṣo fún ìṣirò kan

Èyí ló ń kó àwọn ọmọ sí ìyọnu jù. Ẹ padà sínú rélùwéè yẹn. Ọmọ wa wọn 60 kílò, ó dìde, ó ń rìn lọ síwájú ní mítà 1 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Láti inú rélùwéè, agbára ìrìn ẹ̀ kúrò ní òdo ó di 30 júùlù. Láti ilẹ̀ ńkọ́? Kó tó dìde, ½ × 60 × 20 × 20, 12,000 nìyẹn. Nígbà tó ń rìn, eré ẹ̀ di 21, ½ × 60 × 21 × 21 jẹ́ 13,230. Ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,230. Ẹsẹ̀ kan náà ló fi rìn, ẹ̀kọ àti àkàrà kan náà ló jẹ láàárọ̀, báwo ni 30 ṣe wá di 1,230?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá ìbéèrè yìí pàdé, mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà torí mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú fíísíìsì ni, àfìgbà tí mo rí i pé mo ti gbàgbé rélùwéè. Kò séèyàn tó lè gbéra láìti nǹkan. Ọmọ yẹn fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ rélùwéè sẹ́yìn, ilẹ̀ rélùwéè náà sì tì í síwájú. Momentum tó gbà, ìyẹn kílò ní ìlọ́po eré, m × v, jẹ́ 60 × 1, ìyẹn 60. Lójú ẹni tó wà ní ìta, ohun tó ń tì í yẹn fúnra ẹ̀ ń sá 20, torí náà iṣẹ́ tí rélùwéè ṣe lára ẹ̀ jẹ́ 60 × 20, ìyẹn 1,200 júùlù. Ẹ fi 30 tó wá látinú iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ kún un, 1,230 ló máa jẹ́ láìkù síbì kan. Rélùwéè ló san 1,200 yẹn, eré ẹ̀ dín bíńtín tójú ò lè rí, ẹ́ńjìnnì á sì dá a padà. Ẹni tó wà nínú rélùwéè ò rí owó tó paarọ̀ ọwọ́ yìí rárá, torí lójú tiẹ̀ rélùwéè ò lọ síbì kankan, ohun tó bá dúró sójú kan ò sì ṣe iṣẹ́ kankan lára ẹnikẹ́ni.

Ká ní ẹ̀yìn ló rìn lọ ńkọ́? Láti ilẹ̀ eré ẹ̀ di 19, agbára ìrìn ẹ̀ di 10,830. Ó rìn, agbára ìrìn ẹ̀ wá dínkù ní 1,170! Ìṣirò kan náà ni: ó dá 1,200 padà fún rélùwéè, 30 sì wọlé fún un látinú iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀, ló fi jẹ́ pé 1,170 ló dínkù.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mú níbí ni pé ẹ ò gbọdọ̀ mú 30 láti inú rélùwéè kẹ́ẹ wá fi wé 12,000 tí ẹ mú láti ilẹ̀. Mo ti rí i nínú ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ tí kò lóǹkà. Nọ́ńbà méjèèjì dára láyè ara wọn, àmọ́ wọn kì í jókòó sórí ìlà kan náà.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ń sọ eré di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ m × v lásán ni, ìyàtọ̀ á bára mu láti ibi ìdúró gbogbo, momentum ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ v² yìí náà ò tètè yé ayé o. 's Gravesande, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Holland, ló ju bọ́ọ̀lù idẹ sórí amọ̀ rírọ̀, tó rí i pé tí eré tó fi balẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ihò tó ń lu sínú amọ̀ máa jìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Obìnrin kan ní Faransé, Émilie du Châtelet, ló gbé àlàyé yìí lárugẹ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1740, lásìkò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà fún m × v.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má yọ ilẹ̀ sílẹ̀

Ohun tí rélùwéè ṣe fún ọmọ yẹn, ilẹ̀ ń ṣe é fún mọ́tò. Micra kan wọn 900 kílò, ó ń bọ̀ láti Ìwó Róòdù, ó gbé eré láti 10 sí 20. Láti ilẹ̀, agbára ìrìn ẹ̀ kúrò ní 45,000 ó di 180,000, ó lé ní 135,000. Ẹlòmíì wà nínú mọ́tò tó ń bá a sá lọ́gbọọgba ní 10 tí kò yí eré padà, lójú tiẹ̀ Micra kúrò ní òdo ó di 10, 45,000 péré ló lé. Epo tó jó nínú ẹ́ńjìnnì ò lè jẹ́ oríṣi méjì, ẹ tú táǹkì wò ẹ máa rí i pé iye kan náà ló lọ. Níbo ni 90,000 wọlé sí?

Inú ilẹ̀ ni. Láti inú mọ́tò kejì yẹn, ojú títì àti gbogbo ayé ń sá lọ sẹ́yìn ní 10. Táyà Micra sì ń ti ojú títì sẹ́yìn, síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an, ó fi momentum 9,000 kún un. 9,000 × 10 jẹ́ 90,000. Ilẹ̀ ló gbà á. 45,000 àti 90,000 jẹ́ 135,000, ìṣirò ti bára mu. Láti ilẹ̀ a ò ní láti ka ilẹ̀ mọ́ra torí eré ẹ̀ jẹ́ òdo, ìdí nìyẹn tí ìwé ilé-ìwé fi máa ń fi ilẹ̀ ṣe ibi ìdúró ṣáá, ó rọrùn, kì í ṣe pé òun nìkan ló jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ka ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá jẹ́ ìkọlù, ẹ wá ohun tó ń bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára torí ó kan ẹ̀mí. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, kódà lẹ́nu àwọn tó kàwé, pé bí mọ́tò méjì tó ń sá kílómítà 36 ní wákàtí kan bá forí gbárí, bí ẹni tó sá 72 lu ògiri ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀; ní mítà sẹ́kọ́ńdì, 36 jẹ́ 10, 72 jẹ́ 20.

Micra méjì, 900 kílò kọ̀ọ̀kan, wọ́n pàdé ní 10 àti 10, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wọ́n dúró. Agbára ìrìn wọn lápapọ̀ jẹ́ 90,000 kí wọ́n tó pàdé, òdo ni lẹ́yìn ẹ̀. 90,000 júùlù ló lọ sínú irin tó wó, ariwo, àti ooru. Ó kan ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní 45,000. Ẹni tó sá 10 lu ògiri tí kò mira, 45,000 náà ló kan ọkọ̀ ẹ̀. Ẹni tó sá 20 lu ògiri, 180,000 ló kàn án, òun nìkan ṣoṣo. Fún ọkọ̀ méjì tó dọ́gba, bíi kí kálukú fi eré ara ẹ̀ lu ògiri ni, kì í ṣe àpapọ̀ eré méjèèjì.

Èyí tó kù ló wù mí jù. Ẹ gbé Micra kan dúró sójú kan, kí èkejì fi 20 gbá a. Agbára ìrìn jẹ́ 180,000 lákọ̀ọ́kọ́. Tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á máa bá 10 lọ, 1,800 kílò ní 10, ìyẹn 90,000 ṣì kù. Ohun tó bàjẹ́: 90,000. Ẹ tún jẹ́ kí méjèèjì máa lọ sí apá kan náà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ti iwájú ń sá 10, ti ẹ̀yìn ń sá 30, ó sì gbá a lẹ́yìn. Agbára ìrìn wọn jẹ́ 450,000. Lẹ́yìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọ́n ń sá 20, ó kù 360,000. Ohun tó bàjẹ́: 90,000! Níbi 90,000 àkọ́kọ́, 180,000, 450,000, ohun tó bàjẹ́ ò yí padà. Kò lè yí padà, torí ìkọlù kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́, ẹ kàn ń wò ó láti ibi ìdúró mẹ́ta ni. Bọ́ńpà tó ti wó ti wó, ẹni tó ń kọjá nínú rélùwéè ò lè rí i kó nà padà.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ mọ bí ìkọlù ṣe le tó, ẹ má fi agbára ìrìn ilẹ̀ wéra. Eré tí wọ́n fi ń sún mọ́ra wọn ni kẹ́ẹ mú. Ẹ fi kílò méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀, ẹ fi àròpọ̀ wọn pín in, ẹ sọ ọ́ di ìdajì, kẹ́ẹ wá fi eré ìsúnmọ́ra yẹn sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti Micra méjì: 900 × 900 pín sí 1,800 jẹ́ 450, ìdajì ẹ̀ 225, ní ìlọ́po 400, ó jẹ́ 90,000. Iye tó pọ̀ jù tó lè bàjẹ́ nìyẹn, ìyẹn tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra. Tí wọ́n bá ta padà, ó máa dín sí i.

Ẹ wá fi dán ọ̀kadà àti tírélà wò. Ọ̀kadà àti ẹni tó gùn ún jẹ́ 200 kílò, tírélà jẹ́ 30,000, wọ́n ń sún mọ́ra ní 20. Tó bá jẹ́ tírélà ló ń sáré, láti ilẹ̀ ó ní mílíọ̀nù 6 júùlù. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà ló ń sáré, 40,000 péré ni. Ẹni tó bá fi méjèèjì wéra á rò pé ti àkọ́kọ́ burú ju èkejì lọ ní ìlọ́po 150. Iye tó lè bàjẹ́ ní méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 39,700, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu pẹ̀lú ọ̀kadà tó sá 20 lu ògiri. Kó má baà dà bíi pé ọ̀rọ̀ yẹn fúyẹ́: 39,700 yẹn, ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà ni èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ń lọ, àti pé tírélà tó ń sáré ṣì máa ti ọ̀kadà lọ síwájú lẹ́yìn ìkọlù, ohun tó sì wà níwájú ibẹ̀ tún jẹ́ ìkọlù mìíì tó ní ìṣirò tiẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tún un ṣe láti ibòmíì

Tẹ́ẹ bá parí, ẹ mú ibi ìdúró kejì kẹ́ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí máa yàtọ̀. Ooru, irin tó wó, epo tó jó, àwọn yẹn gbọ́dọ̀ bára mu. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ ti da ibi ìdúró méjì pọ̀ síbì kan tàbí ẹ ti gbàgbé nǹkan tí wọ́n ń tì. Ìdí kan náà ni tọbẹ̀ inú kúlà ò fi gbóná sí i torí pé ẹ gbé e wọ rélùwéè: ooru ẹ̀ wá láti bí àwọn hóró inú ọbẹ̀ ṣe ń gbọ̀n sí ara wọn, kì í ṣe láti eré tí kúlà ń bá rélùwéè sá.

Ẹ má mú ibi ìdúró tó ń tẹ búrékì tàbí tó ń yí kọ́nà fún iṣẹ́ yìí. Nínú irú ibẹ̀, ike omi á dédé máa lọ síwájú láìsẹ́ni tó tì í, ẹ ní láti fi agbára ìtì (force) tí kò sí níbì kankan kún ìṣirò kó tó jọra, ìyẹn nílò ẹ̀kọ́ tiẹ̀. Ẹ mú èyí tó ń lọ geere lójú ọ̀nà tó tọ́.

Ẹ gbìyànjú èyí fúnra yín kẹ́ẹ tó wo ìdáhùn. Kọ̀rọ̀pẹ́ kan tó wọn 1,200 kílò pẹ̀lú èrò inú ẹ̀ ń sá mítà 15 ní sẹ́kọ́ńdì kan lọ sí Ṣángo, ó gbá Micra tó wọn 800 kílò tó ń sá 5 níwájú ẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ṣe é láti ilẹ̀, kẹ́ẹ tún ṣe é láti inú Micra bó ṣe wà kó tó di pé wọ́n gbá a. Láti ilẹ̀: 145,000 lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń sá 11 lẹ́yìn ẹ̀, ó kù 121,000. Láti inú Micra: 60,000 lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń sá 6 lẹ́yìn ẹ̀, ó kù 36,000. Ohun tó bàjẹ́ jẹ́ 24,000 láti ibi méjèèjì.